Kí ni kí n ṣe kí àwọn òṣìṣẹ́ mi lè máa dá nǹkan padà sí ààyè rẹ̀? (Ilé ìtẹ̀wé ní Òṣogbo)

Atẹ̀wé_Station_Road | Ọjọ́ Ajé, 7:52 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ilé ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní Òṣogbo níbí. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀: èmi, ọkùnrin méjì tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, obìnrin méjì tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, àti ọmọ iṣẹ́ kan tí kò tíì pé ọdún kan lọ́dọ̀ wa. Ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìyàwó, kàléńdà, ìwé rìsíìtì, gbogbo rẹ̀ là ń tẹ̀.

Rúdurùdu ibẹ̀ ti sú mi. Àgékù pébà wà lábẹ́ ẹ̀rọ, agolo íǹkì tí wọn ò dé wà lójú fèrèsé, àkísà tó rin fún kẹrosíìnì wà ní gbogbo igun. Bí mo bá ní kí wọ́n mú sísọ́ọ̀sì wá, kí wọ́n tó rí i, oníbàárà á ti dìde.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ìdílé kan gbé ìwé ètò ìsìnkú bàbá wọn wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún un ṣe, nítorí pé orúkọ àwọn ọmọ kò pé, àti nítorí ipò tí a tò wọ́n sí. Fáìlì mẹ́rin ló wà lórí kọ̀ǹpútà: ọ̀kan ń jẹ́ "final", ọ̀kan "final tuntun", ọ̀kan "final gan-an", ìkẹrin ń jẹ́ "bàbá". "Final tuntun" ni wọ́n lọ tẹ̀, ẹ̀dà 300. Àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n tó rí i pé orúkọ àbíkẹ́yìn bàbá náà kò sí níbẹ̀. Àkọ́bí wọn obìnrin wá jókòó sórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń sunkún. Kò bú mi. Mo dá owó wọn padà, àmọ́ ojú ẹkún yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Mo ti gbìyànjú o. Mo lẹ ìwé mọ́ ògiri: "JẸ́ KÍ IBÍ MỌ́ TÓNÍTÓNÍ". Mo ní kí àwọn obìnrin méjèèjì máa gbálẹ̀ láràárọ̀. Láti oṣù tó kọjá, mo bu owó ìtanràn lé e, ₦500 lórí ẹnikẹ́ni tó bá fi nǹkan sílẹ̀ káàkiri. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi ṣiṣẹ́. Ní báyìí, ṣe ni wọ́n ń kó ìdọ̀tí pamọ́ fún mi. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni wọ́n ń ju gbogbo rẹ̀ sí. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ_Ìgbónà | Ọjọ́ Ajé, 8:10 àárọ̀

Ẹ lé ẹnì kan ṣoṣo lọ, ọ̀gá. Àwọn tó kù á tò bí ọmọ iléèwé.

Ọ̀gá_Sípánà | Ọjọ́ Ajé, 9:31 àárọ̀

Ọmọ Ìgbónà, mo bẹ̀ ọ́, má fún ọ̀gá yìí ní irú ìmọ̀ràn yẹn. Èèyàn mẹ́ta ni mo ti lé kúrò lọ́dọ̀ mi rí nítorí irin iṣẹ́ tó ń sọnù. Ẹni kẹrin dé, irin iṣẹ́ ṣì ń sọnù.

Mẹkáníìkì ni mí. Sípánà nọ́ńbà 10 ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́. Bóyá lọkọ̀ kan wà tí a kì í fi tú nǹkan lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í ra òmíràn. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ jà. Mo na ọ̀kan nínú wọn lórí ẹ̀, ó sì ń dùn mí títí dòní, torí pé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ oníbàárà la ti padà rí sípánà náà, ọwọ́ èmi gan-an ló sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ká ní ó já bọ́ sára fáànù níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré lọ sí Gbọ̀ngán, ẹ fojú inú wò ó.

Ọ̀rẹ́ kan tó wá kí mi ló bi mí léèrè, ó ní, "Sípánà yìí, níbo nilé rẹ̀?" N kò rí èsì fọ̀. Inú àpótí kan náà la ń da gbogbo irin sí. Ó ní, "Ohun tí kò nílé, ẹ wá ń retí pé kó padà sílé?"

Mo ra pátákó fẹ́lẹ́ kan, mo kàn án mọ́ ògiri, mo gbá ìṣó sí i. Mo fi irin kọ̀ọ̀kan lé e, mo fi ọ̀dà dúdú fa ìlà yí i ká, tó fi jẹ́ pé òjìji irin kọ̀ọ̀kan ti wà lára pátákó. Tó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, láti ẹnu ọ̀nà lèèyàn á ti rí òjìji tí irin rẹ̀ kò tíì dé. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn ló ń bi ara wọn, "Mẹ́tàlá dà?" Ọmọ tí mo nà yẹn ti gba fíríìdọ́ọ̀mù báyìí. Pátákó ló kọ́kọ́ kàn nígbà tó rí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ gbà.

Atẹ̀wé_Station_Road | Ọjọ́ Ajé, 10:05 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ìbéèrè ọ̀rẹ́ yín yẹn, mo dìde, mo fi yí ṣọ́ọ̀bù mi ká. Sísọ́ọ̀sì kò nílé. Téèpù kò nílé. Àwọn plẹ́ètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ̀wé, èyí tí a ti lò nínú wọn, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó yẹ kí wọ́n wà. Bẹ́ẹ̀ ohun tí mo kọ sára ògiri ni pé kí wọ́n dá a padà.

Akọ̀wé_Òkè-Fíà | Ọjọ́ Ajé, 12:40 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí o.

Ẹ ní àwọn obìnrin méjèèjì lẹ ní kí wọ́n máa gbálẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn? Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, èmi àti ọkùnrin méjì la jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà, ìwé ẹ̀rí kan náà la mú wá. Ọjọ́ kejì ni ọ̀gá ti na ọwọ̀ sí mi. Àwọn ọkùnrin yẹn á jẹ ẹ̀pà, wọ́n á da èèpo rẹ̀ sílẹ̀ lójú mi. Wọn kì í ṣèèyàn burúkú. Wọ́n kàn mọ̀ pé ẹnì kan ń bẹ tó máa gbá a ni. Mo bá wọn gbálẹ̀ fún ọdún méjì, ibẹ̀ kò mọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá léraléra rí.

Níbi tí mo wà báyìí, ọ̀gá obìnrin kan ni wọ́n gbé wá. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ tó lò, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ká ṣíwọ́, ó dìde, ó kó ìwé orí tábìlì tirẹ̀, ó nu tábìlì náà, ó mú ọwọ̀, ó gbá abẹ́ àga tirẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ sí ẹnì kankan. Ní Ẹtì kejì, a ti ju márùn-ún lọ tó dìde. Lẹ́yìn oṣù kan ló tó wá sọ ọ́ di òfin: ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn, tó ṣì wà nínú àkókò iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún, kí kálukú palẹ̀ ibi tirẹ̀ mọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹni tó bá kàn ló ń fọ̀ ọ́, orúkọ ọ̀gá náà sì wà lára àwọn tó ń kàn.

Sà, èmi rò pé ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá_Aláró | Ọjọ́ Ajé, 4:18 ìrọ̀lẹ́

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọmọbìnrin tó kọ̀wé tán yìí, Ọlọ́run á túbọ̀ máa fún un lóye.

Àwa tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìtàn ìkòkò aró ni wọ́n fi tọ́ wa. Nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ń tẹ ìlú dó, wọ́n gé igi kan, igi náà wó lu odò, ohùn kan sì ké láti inú omi pé, "Oṣó igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!" Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Òṣogbo ti ṣẹ̀. Ohun tí ìyá mi máa ń tọ́ka sí nínú ìtàn yìí ni pé ẹni tó ké yẹn mọ iye ìkòkò rẹ̀, ó sì mọ ibi tó tò wọ́n sí. Bí ìyá mi ṣe kọ́ wa nìyẹn nídìí aró: ìkòkò tó ń mú, èyí tí kò tíì mú, èyí tó ti kú, kálukú ní ìdí tó jókòó sí.

Ohun tó mú mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí ju ti ẹwà lọ. Kì í ṣe èlú nìkan là ń lò mọ́ báyìí, a ń lo kọ́sítíìkì sódà. Tó bá ti yòrò tán nínú omi, ojú kò lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí omi. Aládùúgbò iṣẹ́ mi kan bu èyí tó ṣẹ́kù sínú ike ẹlẹ́rìndòdò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ó ní òun ń bọ̀ wá gbé e. Ọmọ oníbàárà kan, ọmọ ọdún mẹ́rin, gbé e mu. Kò kú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ há, tó fi jẹ́ pé ẹ̀kọ mímu gan-an di ìṣòro fún un, ọdún púpọ̀ ni wọ́n sì fi gbé e káàkiri ọsibítù.

Láti ìgbà náà, lọ́dọ̀ mi, sódà kì í kúrò nínú kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀. Mo so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn, orí pẹpẹ gíga ló ń gbé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Ohunkóhun tó bá ti jẹ́ ike omi tàbí ìgò ọtí, ẹnu ló wà fún. Ìwọ náà tó ń lo kẹrosíìnì àti omi tí ẹ fi ń fọ plẹ́ètì, lọ wo inú ohun tí wọ́n ń bù wọ́n sí.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 11:26 alẹ́

Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ èyí. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un fún ẹni tó bá ń kà á: bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mu, ẹ má fipá mú un bì í, ẹ má sì rọ epo pupa fún un. Bó bá bì í, á tún jó o lọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kejì. Kó fi omi yọ ẹnu, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ike náà dání. Bó bá dà sí ara tàbí ojú, omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ní ti ìbéèrè Ọ̀gá Atẹ̀wé: nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, a ń ka gbogbo irin àti gbogbo gọ́ọ̀sì, ìyẹn aṣọ fẹ́lẹ́ tí a fi ń nu ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n tó rán ojú ọgbẹ́, a tún un kà. Bó bá dín ẹyọ kan, gbogbo èèyàn á dúró, títí kan dókítà àgbà. Ó wà nínú ìwé àyẹ̀wò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2008, tó ní nǹkan 19 tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó ń bínú pé wọ́n ka irin lójú òun, nítorí pé ojoojúmọ́ la ń kà á, lójú gbogbo èèyàn, bó ti wù kí ẹni tó wà níbẹ̀ ga tó. Mo gbà pé ohun tó ń dun àwọn òṣìṣẹ́ yín ni pé ọjọ́ tí inú bá ń bí yín lẹ ń kà.

Ayàwòrán_Òròkí | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:55 àárọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ń bọ̀ láti ọ̀nà ibòmíràn.

Ìlú oníṣẹ́ ọnà ni Òṣogbo. Nígbà tí Dúró Ládipọ̀ àti Ulli Beier dá ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ níbí ní 1962, tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú wá ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán lẹ́yìn náà, kì í ṣe ilé tí wọ́n to tábìlì sí bíi báńkì ni iṣẹ́ yẹn ti jáde. Tábìlì mi kún. Ẹ̀yin á pè é ní rúdurùdu, ṣùgbọ́n bí ẹ bá di ojú mi, màá mú búrọ́ọ̀ṣì tí mo fẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi inú rere bá mi tún yàrá iṣẹ́ ṣe nígbà tí mo rìnrìn àjò. Ó kó àwọn àjákù bébà tí mo ya nǹkan sí dànù, iṣẹ́ oṣù mẹ́rin. Ẹni tó bá to nǹkan mi fún mi ti sọ mí di àlejò nínú yàrá mi.

Nítorí náà, Ọ̀gá Atẹ̀wé, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má lọ máa to nǹkan lé àwọn èèyàn lórí.

Ọ̀gá_Sípánà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n ayàwòrán, òótọ́ lẹ sọ nípa ibi tí èèyàn kan ṣoṣo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń wá búrọ́ọ̀ṣì yín. Nílé ìtẹ̀wé, ohun tí ẹnì kan gbé kalẹ̀, ẹlòmíràn ló ń bọ̀ wá wá a.

Fẹ̀yìntì_Ọ̀ṣun | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:02 àárọ̀

Mo kí yín o. Ọdún 33 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba, ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Mo wà lára àwọn tí wọ́n kó wá láti Ìbàdàn nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Fáìlì wá nínú lọ́rì, a tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí pé pẹpẹ kò tíì dé. Ẹni tó bá rí wa nígbà yẹn á rò pé kò sí ohun tí a lè rí mọ́. Ṣùgbọ́n fáìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ìwé ńlá kan. Bí fáìlì bá jáde, a ó kọ orúkọ ẹni tó gbé e, ọjọ́ tó gbé e, tábìlì tó ń lọ. Bí iṣẹ́ orí rẹ̀ bá ti parí, ọ̀gá á kọ P.A. sí i, ìyẹn ni pé kí a dá a padà sí pẹpẹ. Bó bá kọ K.I.V., a jẹ́ pé kó má jìnnà sí wa. Bó bá kọ B.U. pẹ̀lú ọjọ́, ọjọ́ náà gan-an la ó gbé e padà síwájú rẹ̀. Lẹ́tà mélòó kan péré, gbogbo ilé iṣẹ́ mọ̀ ọ́n.

Níbi tí àwọn èèyàn ti fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìwé ńlá yẹn, ẹ̀yìn ogún ọdún ni ìyà rẹ̀ ń jẹni. Mo ti rí tíṣà àgbà tí wọ́n ń dá padà nídìí owó ìfẹ̀yìntì nítorí pé a kò rí lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ nínú fáìlì rẹ̀. Ẹnì kan ló mú ìwé yẹn jáde lọ́jọ́ kan, bóyá láti fi ṣe ẹ̀dà, kò sì dá a padà. Tíṣà náà kò mọ ẹni náà, ẹni náà kò mọ tíṣà. Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé ọ̀rọ̀ títo nǹkan jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn aláṣejù.

Ọ̀gá Atẹ̀wé, ọ̀rọ̀ fáìlì kọ̀ǹpútà yín ló jẹ mí lógún ju ti ilẹ̀ gbígbá lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ "final" sára fáìlì mọ́. Ọdún ni kó ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà orúkọ ìdílé àti irú iṣẹ́, kó wá parí sí nọ́ńbà àtúnṣe: 1, 2, 3. Bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló máa tò wọ́n. Bí àtúnṣe 3 bá ti dé, kí 1 àti 2 bọ́ sínú fódà kan tó ń jẹ́ "Àtijọ́" lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo jáde, kí oníbàárà ka gbogbo orúkọ, kó fọwọ́ sí i, kó kọ ọjọ́ sí i. Ẹ̀dà tí ó fọwọ́ sí yẹn ni kó máa bá iṣẹ́ náà rìn dé ìdí ẹ̀rọ. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ tẹ ohun tí kò rí ọwọ́ oníbàárà lórí rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ ní kó tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ_Amòfin | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Ọ̀gá Atẹ̀wé, ẹ dá ₦500 yẹn dúró lónìí. Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí a mọ̀ sí Labour Act, kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti yọ owó ìtanràn nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀. Èyí tí ẹ ti gbà, ẹ dá a padà.

Atẹ̀wé_Station_Road | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:48 ọ̀sán

N kò mọ̀ rárá. Màá dá a padà lọ́la, màá sì bẹ̀ wọ́n. ₦6,500 ni gbogbo rẹ̀, ó wà nínú ìwé mi.

Ẹnjiníà_Agbára | Ọjọ́rú, 5:37 àárọ̀

Ọmọ Òṣogbo ni mí, ìlú Agbára ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 11, nínú ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike. Ohun tí Ọ̀gá Sípánà ṣe yẹn, àwọn ará Japan ń ṣe é nínú ilé iṣẹ́ wọn, Toyota wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀. 5S ni wọ́n ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ Japan márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S. Seiri: ya ohun tí o ń lò kúrò lára ohun tí o kò lò. Seiton: fún èyí tó kù ní ààyè. Seiso: nù ún, gbá a, kí o sì máa fi ojú wá ohun tó ń jò tàbí tó ń ya níbi tí o ti ń nù ún. Seiketsu: kó rí bákan náà lójoojúmọ́, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Shitsuke: kó di ìwà.

Ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń kùnà, èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fò. Wọ́n á máa to pàǹtírí. Lọ́dọ̀ wa, a máa ń so ìwé pupa mọ́ ohun tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá a ṣì nílò rẹ̀, a ó kọ ọjọ́ sí i. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn án, ó ti di títà tàbí dídànù. Ẹ má ṣe é láìsí àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ o, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ayàwòrán yẹn lè ṣẹlẹ̀ sí yín.

Ibòmíràn tí a tún ń kùnà sí ni pé ìbẹ̀rù la fi ń tún nǹkan ṣe. Àwọn àgbà wa ń sọ ti wolé-wolé fún wa: bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ń bọ̀, gbogbo àmù á mọ́, bó bá kọjá tán, ó tán. Èmi náà kò gbàgbé ọjọ́ Àbámẹ́ta ìmọ́tótó tó wọlé nígbà ogun tí ìjọba ológun gbé ti ìwà àìlófin (War Against Indiscipline) láti 1984. A ó kó ẹrọ̀fọ̀ jáde nínú gọ́tà, a ó kó o jọ sẹ́bàá gọ́tà náà, òjò á rọ̀, á sì dá gbogbo rẹ̀ padà sínú gọ́tà. A ti gbálẹ̀ fún sójà, ó tán nìyẹn.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan lórí àkísà yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sí i. Íǹkì ìtẹ̀wé púpọ̀ ní epo tó ń gbẹ nínú, irú bíi epo linseed. Àkísà tó ní irú epo bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá kó o jọ gègèrè sí igun kan, ó lè máa gbóná fúnra rẹ̀ títí tó fi máa gbiná, láìsí ìṣáná, láìsí iná mànàmáná. Tẹ́ ẹ bá tún wá fi kẹrosíìnì àti pébà sí i! Ẹ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì onírin tó ní ìdérí, kí gbogbo àkísà máa wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì kó o jáde kúrò nínú ilé kí ẹ tó ti ìlẹ̀kùn lálaalẹ́. Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ níbí, èyí kò gbọdọ̀ dọ̀la.

Ayàwòrán_Òròkí | Ọjọ́rú, 8:09 àárọ̀

Mo ń fi epo linseed po ọ̀dà lójoojúmọ́. Àkísà mi wà lábẹ́ ibùsùn inú yàrá iṣẹ́. Mo ń lọ kó o jáde báyìí. Ẹnjiníà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ìyá_Aláró | Ọjọ́rú, 3:44 ọ̀sán

Kí n tó gbàgbé: bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tí kò mọ ìwé kà dáadáa, má fi lẹ́tà nìkan sàmì sí nǹkan. Àwọ̀ ni mo ń lò fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Kẹ́ẹ̀gì aláṣọ pupa, kò sẹ́ni tó ń bi mí kí ló wà nínú rẹ̀.

Atẹ̀wé_Station_Road | Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 8:20 alẹ́

Ẹ kú àtijọ́ o. Mo ṣèlérí fún ara mi pé n kò ní padà wá síbí àfi tí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ sọ.

Mo dá owó ìtanràn àwọn òṣìṣẹ́ mi padà, mo sì tọrọ àforíjì. Ó ṣòro fún mi láti ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà kò gbà mí gbọ́, ó ń wò mí bí ẹni pé mo ń dẹ pàkúté sílẹ̀ fún òun.

Ní Àbámẹ́ta, a ti ilé ìtẹ̀wé láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan, mo sì sanwó ọjọ́ náà fún gbogbo wọn. A so ìwé pupa. Ẹ̀rọ kan tó ti bàjẹ́ láti 2016, tí mo ń sọ pé màá tún ṣe, gba ààyè tó tó tábìlì méjì. Mo tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kàléńdà ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, páálí mẹ́rin, ó lọ.

Nígbà tó di ọ̀rọ̀ ibi tí a ó fi nǹkan sí, mo rántí ayàwòrán, mo pa ẹnu mọ́. Mo ní kí kálukú sọ ibi tí òun fẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó dàgbà jù nídìí ẹ̀rọ, ọlọ́wọ́ òsì ni. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń to íǹkì sí apá ọ̀tún ẹ̀rọ, tí mo sì ń bínú pé gbogbo ìgbà ló ń gbé e sójú fèrèsé. Ojú fèrèsé yẹn ló wà lápá òsì rẹ̀! Kò sọ ọ́ rí, nítorí pé n kò bi í rí. A kan pẹpẹ kékeré kan síbẹ̀, láti ọjọ́ náà agolo íǹkì kan kò tíì dé ojú fèrèsé.

Pátákó òjìji wà lára ògiri, ọmọ iṣẹ́ wa ló fa ìlà rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la fi ń pín ilẹ̀ gbígbá, ọjọ́ Ajé ni tèmi. Fáìlì gbogbo ti ní ọdún, oṣù, ọjọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ìyá ìyàwó kan wá pé òun fẹ́ 50 sí i lára káàdì tí a tẹ̀ ní oṣù tó kọjá. Èmi kò sí nílé. Ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì pé ọdún kan ló ṣí fáìlì náà, tó sì mú ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí jáde, kí màmá náà tó mu omi tí wọ́n bù fún un tán.

Àwọn ohun tí kò tíì yanjú wà. Abọ́ oúnjẹ ṣì ń sùn lórí tábìlì kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ṣì ń sọ àkísà sí igun tó ti mọ́ ọn lára. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ohun tí Ẹnjiníà kọ hàn án, ó kà á.

Akọ̀wé_Òkè-Fíà | Ọjọ́ Ẹtì, 8:41 alẹ́

Sà, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi kí àwọn obìnrin méjèèjì. Ìdílé tí orúkọ ọmọ wọn kò sí nínú ìwé yẹn ńkọ́?

Atẹ̀wé_Station_Road | Ọjọ́ Ẹtì, 9:03 alẹ́

Mo tún gbogbo 300 yẹn tẹ̀ láìgba owó, mo gbé e lọ sílé wọn fúnra mi ní ọjọ́ Àìkú. Mo sọ fún wọn pé mo mọ̀ pé ìsìnkú ti kọjá. Àkọ́bí wọn obìnrin ní kí n jókòó, ó pe àbíkẹ́yìn náà jáde, géńdé ọmọkùnrin kan ni. Ó ṣí ìwé náà, ó wá orúkọ rẹ̀ kàn, ó fi ìka lé e, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun máa fi méjì pamọ́ fún àwọn ọmọ òun.

Ìyá_Aláró | Ọjọ́ Ẹtì, 9:30 alẹ́

O ṣe é, ọmọ mi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì àkísà ńkọ́, ṣé ó ti dé?

Atẹ̀wé_Station_Road | Ọjọ́ Ẹtì, 9:34 alẹ́

Ó ti dé, Màmá. Onírin ni, ó ní ìdérí, mo kùn ún ní pupa. Igun tí bùọ̀dá yẹn ń sọ àkísà sí gan-an ni mo gbé e sí.